Aṣọ ẹgbẹ́jọdá kan náà, èrò rẹpẹtẹ: báwo ni mo ṣe fẹ́ kó ìbejì lọ sí Ojúde Ọba kí n sì kó wọn padà wálé?

Ìyá Ìbejì Agége
21 oṣù Karùn-ún 2024

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ojúmọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó ọmọ wẹ́wẹ́ rin ìrìn-àjò rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi dá sí i.

Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fún mi (èmi ni mo bí wọn, mo lè kà wọ́n). Bísọ́lá ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Táyé àti Kẹ́hìndé, ọkùnrin ni àwọn méjèèjì, ọdún márùn-ún ni wọ́n. Ìdòwú ṣì wà lẹ́yìn mi. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni ọkọ mi, àwọn ẹbí ẹ̀ sì ti fẹnu kò pé lọ́dún yìí, kò sí àwáwí kankan, gbogbo wa la máa wá ṣe Iléyá lọ́hùn-ún, a ó sì dúró de ayẹyẹ Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ti fi aṣọ ránṣẹ́, elésè àlùkò, aṣọ tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tiwọn, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, mú lọ́dún yìí. Ó rán tàwọn ọmọ pẹ̀lú.

Aṣọ dára. Ṣùgbọ́n àtìgbà tí mo ti rí i ni oorun ò ti kún ojú mi.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní oṣù Kejìlá tó kọjá. À ń lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìlá Ọ̀ràngún. A dé gáréèjì kan ní Èkó níbí ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. A gbé Ghana-must-go méjì, kúlà oúnjẹ, àti ààbọ̀ àpò ìrẹsì. Ọkọ mi ń bá agbèrò fa ọ̀rọ̀ owó ẹrù. Mo fi ọwọ́ kan di Kẹ́hìndé mú, Bísọ́lá dúró ti ẹrù, mo wá ní kí Táyé di ìró mi mú. Ó dì í mú. Ọmọ yẹn ṣe ohun tí mo ní kó ṣe gẹ́lẹ́, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé báàgì, ìró já mọ́ ọn lọ́wọ́. Obìnrin kan sì ń kọjá lọ, irú ànkárá tí mo ró lòun náà ró, aláwọ̀ aró tó ní ẹyẹ funfun, èyí tó kún gbogbo ọjà lọ́dún yẹn. Táyé nawọ́ padà, ìró obìnrin yẹn ló bà á lọ́wọ́, ló bá ń tẹ̀ lé e lọ.

Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún kẹ́ ẹ wo ibi tó ga dé. Ojú ẹ̀ ò ju ìdí àgbàlagbà lọ. Nínú èrò, kò rí ojú ẹnì kankan, ìró àti ṣòkòtò nìkan ló ń rí.

Èmi rò pé ó ti bọ́ sọ́dọ̀ bàbá ẹ̀. Bàbá ẹ̀ rò pé ọ̀dọ̀ mi ló wà. Èyí tó burú jù ni pé bí mo bá ti yíjú tí mo rí Kẹ́hìndé, ọkàn mi á balẹ̀. Ìbejì mi jọra débi pé èmi tí mo bí wọn máa ń ṣì wọ́n pè. Ojú mi rí ẹnì kan, ọkàn mi sọ fún mi pé àwọn méjèèjì ló wà níbẹ̀. Bísọ́lá ló bèèrè: "Mọ́mì, Táyé dà?"

Mo figbe ta. Àwọn èèyàn sáré wá, wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n rí Kẹ́hìndé, wọ́n ní, "Ìyá, ọmọ yín rèé, ẹ farabalẹ̀." Wọ́n kéde nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé ọmọkùnrin tó wọ ẹ̀wù yẹ́lò àti ṣòkòtò péńpé ló sọnù. Kẹ́hìndé ti já kúrò lọ́wọ́ mi nígbà yẹn, ẹnì kan bá gbé e wá, inú ẹ̀ ń dùn, ó ní òun ti bá mi rí ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi Kẹ́hìndé lé mi lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí mò ń sọ.

Bàbá arúgbó kan tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ló gbọ́n jù nínú gbogbo wa. Ó gbé Kẹ́hìndé kọ́ èjìká, ó ń ti bọ́ọ̀sì kan bọ́ sí òmíràn, ó ń kígbe pé, "Ẹ bá wa wò ó, ta ló rí ìkejì eléyìí? Ta ló rí ìkejì eléyìí?" Bọ́ọ̀sì Òǹdó ni obìnrin kan ti pariwo. Táyé jókòó sáàárín àwọn ọmọ obìnrin náà, búrẹ́dì ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyá yẹn ti ń bi í léèrè títí:

"Kí lorúkọ ẹ?" "Táyé."
"Dádì ẹ ńkọ́?" "Dádì."
"Mọ́mì ẹ ńkọ́?" "Ìyá Ìbejì."
"Níbo lẹ̀ ń lọ?" "Ilé ìyá àgbà."
"Níbo wá nilé ìyá àgbà?" "Ibi tí adìyẹ wà."

Kí ni ẹ fẹ́ kí obìnrin náà fìyẹn ṣe? Ìyá Ìbejì mélòó ló wà nínú gáréèjì?

Ìṣẹ́jú 40 ni gbogbo ẹ̀. Nígbà tá a dé Ìlá, mo bi Táyé pé kí ló dé tó fi bá wọn wọ mọ́tò. Ó ní, "Àǹtí yẹn ní kí n wọlé kí òtútù má baà mú mi. Ẹ sì ní bí àgbà bá ní ká ṣe nǹkan, ká ṣe é." Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kọ́ èmi náà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ mi. Ọmọ tí àgbà pè tí kò jẹ́, a ó ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Ọlọ́run ló ṣe é tó fi jẹ́ ọwọ́ ọmọlúwàbí ló bọ́ sí.

Nǹkan kan tún wà tó jẹ́ pé ìyá ìbejì nìkan ló lè yé. Wọ́n máa ń ní kéèyàn má kọ orúkọ ọmọ sára ẹ̀wù tàbí báàgì ẹ̀, torí àjèjì lè kà á kó sì fi pè é. Ìbejì ńkọ́? Ẹni tí kò rí wọn rí láyé ti mọ orúkọ wọn. Á kàn ní "Táyé, Kẹ́hìndé, ẹ wá gba bisikíìtì," àwọn tèmi á sì rò pé ará ilé ni.

Ẹ wá wo Ojúde Ọba. Ní gáréèjì, obìnrin kan ṣoṣo ló ró irú aṣọ mi. Lọ́hùn-ún, odindi ẹgbẹ́ ló máa wọ̀ ọ́. Bí mo bá sì ní mi ò lọ, wọn á ní ìyàwó ará Èkó ò fẹ́ ẹbí ọkọ. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Háísì, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire, ẹ kú ewu. Ẹdùmàrè á dá wọn sí.

Ọdún 26 ni mo fi wa mọ́tò, Èkó sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí orúnkún tó ní kí n sinmi. Ẹni tó gbé ọmọ kọ́ èjìká yẹn mọ iṣẹ́ ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tẹ́ ò rí níbi tẹ́ ẹ ti ń sunkún: ó dájú pé ẹnì kan ti lọ dúró sẹ́nu géètì. Ní gáréèjì, bí ọmọ bá sọnù, ẹnu ọ̀nà la kọ́kọ́ ń dí. Mọ́tò tó bá fẹ́ jáde, á dúró ká yẹ inú ẹ̀ wò. Nítorí náà, ẹ má kàn máa sáré kiri láàárín mọ́tò. Géètì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rán ẹnì kan lọ. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin òbí sì gbọ́dọ̀ dúró gbọn-in síbi tí ọmọ ti rí yín kẹ́yìn. Mo ti rí i tí bàbá gba ọ̀tún, ìyá gba òsì, ọmọ padà síbẹ̀ kò bá ẹnì kankan, ló bá tún fẹsẹ̀ kọ. Tó bá jẹ́ Èkó, ẹ pe 112 tàbí 767. Ẹ má ní ẹ fẹ́ wá a fúnra yín di ìrọ̀lẹ́ ná.

Ẹni tí kò bí ìbejì kò ní Kẹ́hìndé tó máa gbé kọ́ èjìká. Kó ya fọ́tò ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, látorí dé ẹsẹ̀, nínú aṣọ tó wọ̀ gan-an. Bàbá kan sọ fún wa pé ẹ̀wù pupa lọmọ òun wọ̀. Ẹ̀wù pupa la sì ń wá kiri. Nígbà tá a rí ọmọ, funfun ló wà lọ́rùn ẹ̀. Ẹ̀rù ló bá bàbá yẹn, kì í ṣe pé ó ń purọ́.

Ọ̀rọ̀ pé "mo rò pé ọ̀dọ̀ ẹ ló wà" yẹn, òun ló ń sọ ọmọ nù ju èrò lọ. Mo gbé ẹbí kan lọ síbi òkú nígbà kan, mọ́tò méjì ni wọ́n gbà. A dúró jẹun lójú ọ̀nà márosẹ̀, a gbéra. Ó ti tó ogún ìṣẹ́jú tá a ti kúrò níbẹ̀ kí fóònù tó dún: "Ṣé ọmọ wà lọ́dọ̀ yín?" Ọmọ ò sí lọ́dọ̀ wa, kò sí lọ́dọ̀ wọn. Ibi tá a rí i ni ẹ̀yìn obìnrin tó ń din àkàrà, ó ti sùn lọ sórí àpò. Látọjọ́ yẹn, mi ò kì í ṣíná sí mọ́tò láìjẹ́ pé mo gbọ́ ohùn ọmọ kọ̀ọ̀kan. Mo kọ́kọ́ ń kà wọ́n ni, màmá àgbà kan nínú mọ́tò mi bá gbaná jẹ, wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mo ní ẹ má bínú, màámi. Mo bá sọ ọ́ di pé káwọn ọmọ máa ka ara wọn. Àgbà ọmọ á ní "ení," èyí tó tẹ̀ lé e á ní "èjì." Bí "ẹ̀ta" ò bá dáhùn, a ò lọ. Tiyín, ẹ jẹ́ kí Kẹ́hìndé gba "èjì," òun ni ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n má baà jà.

Dúpẹ́ ní Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, màámi. Ìṣẹ́jú 40! Ara mi bù máṣọ.

Níbí ní London, ọ̀pọ̀ òbí ló ń fi AirTag, ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ́ kéèyàn mọ ibi tí nǹkan wà, sápò ọmọ. Èmi náà ń lò ó, ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé e. Kì í ṣe òun fúnra ẹ̀ ló ń bá yín sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. iPhone àwọn tó bá wà nítòsí ọmọ ló ń sọ ibi tó wà fún yín. Ní London, kò sí ibi téèyàn yí sí tí iPhone ò sí. Níbi tí wọn ò bá ti pọ̀, ohun tẹ́ ẹ máa rí ni ibi tí ọmọ wà láti bíi wákàtí kan sẹ́yìn. Bátìrì inú ẹ̀ náà, èyí tó dà bíi kọ́bọ̀, ẹ má jẹ́ kó dé ọwọ́ Ìdòwú o. Tí ọmọ bá gbé e mì, ó ń jó ọ̀nà ọ̀fun láàárín wákàtí mélòó kan.

Okùn ọwọ́ náà wà, ẹ̀gbẹ́ kan lọ́rùn ọwọ́ ọmọ, ẹ̀gbẹ́ kejì lọ́rùn ọwọ́ yín. Mo lò ó ní pápákọ̀ òfurufú nígbà tá à ń bọ̀ wálé, mo sì jàǹfààní ẹ̀.

Ohun tó wúlò fún mi jù, kò ná mi ní kọ́bọ̀. Èmi àti ọmọ mi ní ọ̀rọ̀ kan tí ẹlòmíràn ò mọ̀. Ẹni tó bá ní "mọ́mì ẹ ní kí n wá mú ẹ," kó sọ ọ̀rọ̀ náà. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọmọ mi ò tẹ̀ lé e, ì báà jẹ́ pásítọ̀ wa. Ó lè mọ orúkọ ọmọ, kò lè mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo rò pé ó máa bá ọ̀rọ̀ ìbejì yín mu.

Ìyá Ìbejì Agége

Bàbá wa, ẹ ṣé gan-an sà. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìyá ọkọ mi náà kì í jẹ́ ká ka ọmọ? Ení, èjì yẹn bọ́ sí i.

Àǹtí Dúpẹ́, tí mo bá fi okùn so ọmọ wọ Ìjẹ̀bú nígbà Iléyá, wọn á ní àgbò mélòó ni mo mú wá. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí yẹn, mo ti bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ àná. Kẹ́hìndé ti sọ ọ́ fún ará ilé kejì kílẹ̀ tó mọ́. A ti mú òmíràn.

Tíṣà Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́, Adó-Èkìtì

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ ohun tí Táyé sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ọmọ ọdún márùn-ún mẹ́wàá tí mo bá bi ní kíláàsì mi, mẹ́sàn-án nínú wọn ló máa ní "Mọ́mì" lorúkọ ìyá òun. Wọn ò gọ̀, kò sẹ́ni tó sọ òmíràn fún wọn ni.

Nọ́ńbà fóònù wa jẹ́ mọ́kànlá. Ẹ má kọ́ wọn ní gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gé e sí mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́rin, kẹ́ ẹ máa fi pàtẹ́wọ́ bí orin nígbà tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀ fún wọn. Wọ́n á mọ̀ ọ́n kó tó ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń sunkún. Mo mọ ohun tí mò ń sọ: ọmọ tó ń ka nọ́ńbà gbuurugbu nínú ilé, tí ẹkún bá gùn ún báyìí, kò ní rántí ju 080 lọ. Ẹ jẹ́ kó mọ́ ọn lára láti máa kà á pẹ̀lú omijé lójú.

Ní ti ẹ̀kọ́ ilé tó ń dùn yín, mi ò gbà pé kẹ́ ẹ yí i padà. Ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ mi ni bí wọ́n ṣe máa fi ọ̀wọ̀ kọ̀. Kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n ní, "Ẹ ṣé mà, mọ́mì mi ní kí n dúró síbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè wọ́n." Kí wọ́n dìde, kí wọ́n má sì kúrò lójú kan. Kò sí àgbà gidi tí ìyẹn máa bí nínú. Èyí tó bá bí nínú, ọmọ ti mọ irú ẹni tó jẹ́ nìyẹn. Tó bá di dandan pé kí ọmọ lọ bá ẹnì kan, kó lọ bá obìnrin tó pàtẹ ọjà. Iyá tó ń ta mọ́ínmọ́ín, tí gbogbo owó ẹ̀ wà lórí tábìlì, kò lè fi í sílẹ̀ gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ ibì kankan, gbogbo àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló sì mọ ilé ẹ̀.

Ọmọ Fúsigbóyè

Ìyàwó wa, ẹ máa bọ̀ wá o, ẹ má bẹ̀rù. Ìlú tiyín ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń gbébẹ̀ sọ fún yín bí ọjọ́ náà ṣe máa ń rí.

Ìbọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ nípa ẹ̀. Nígbà tí àwọn ìdílé Balógun bá ń gẹṣin bọ̀, wọn á máa yin ṣakabùlà. Àgbàlagbà á fo sókè, á rẹ́rìn-ín. Ọmọdé á sá, kò sì ní wo ibi tó ń sá lọ. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú. Ẹ fi fídíò hàn wọ́n nílé, kẹ́ ẹ gbé ohùn ẹ̀ sókè, kí wọ́n mọ̀ pé ayẹyẹ ni. Bí ẹ bá ti gbúròó ẹṣin, kí kálukú di ọmọ kan mú, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ sókè, "Táyé wà lọ́wọ́ mi," kí ọkọ yín gbọ́.

Fóònù ò ní ṣe yín ní oore kan lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Èrò pọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á kú. Ẹ fi ibì kan ṣe ibi ìpàdé kẹ́ ẹ tó jókòó. Ẹ má mú kánópì tàbí mọ́tò o, ọmọ ò lè mọ kánópì kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ẹ mú ohun tí kì í rìn, ilé alájà kan, géètì kan, mọ́sálásí, kẹ́ ẹ sì mú wọn lọ fọwọ́ kan ibẹ̀.

Nọ́ńbà fóònù náà, ẹ má fi bírò kọ ọ́ sí wọn lára, òógùn á fọ̀ ọ́ dànù kí ọ̀sán tó pọ́n. Ṣebí Iléyá ni, àwọn tó ń ṣe lààlì á wá sílé. Ẹ ní kí wọ́n fi lààlì kọ nọ́ńbà yín sí ìsàlẹ̀ apá wọn nínú. Ó máa wà níbẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ kan. Lààlì ewé ni o, kì í ṣe èyí dúdú tí wọ́n fi oògùn tó ń sọ irun di dúdú pò, ìyẹn ń bó ọmọ lára.

Ọ̀rọ̀ aṣọ tó ń bà yín lẹ́rù, ẹ̀yin gan-an ti sọ ojútùú ẹ̀. Ẹ ní ojú Táyé ò ju ìdí àgbà lọ. Kí ló tún wà lábẹ́ ìdí? Bàtà. Ẹ wá bàtà tí kò sẹ́ni tó máa wọ irú ẹ̀ wá sí Ojúde Ọba.

Ìyá Ìbejì Agége
24 oṣù Kẹfà 2024

Mo ti dé. Ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílé, wọ́n ń jà lórí ẹran.

Tuesday, ọjọ́ 18, ni Ojúde Ọba bọ́ sí. Ọ̀nà Ìkòròdú sí Ìtòkín la gbà lọ ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, kò sí wàhálà. Ení, èjì, ẹ̀ta la ń pè látilé, ìyá ọkọ mi gbọ́ ọ, wọn ò sọ nǹkan kan. Lààlì mú dáadáa. Kẹ́hìndé fẹ́ kí wọ́n ya ẹṣin sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì yà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewúrẹ́ ló jọ.

Ọ̀rọ̀ àṣírí fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì Iléyá, àbúrò ọkọ mi ní kí Táyé bọ̀ wá, káwọn lọ ra súyà. Ọmọ dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé mà, mọ́mì mi ní kí n dúró síbí." Ìyẹn ò tíì burú. Ó tún wá bi í pé, "Níbo nilé ìyá àgbà?" Ìyẹn ní, "Ilé ìyá àgbà kọ́ lo wà yìí?" Táyé ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó padà jókòó. Ah, inú bí wọn. Wọ́n ní mo ti kọ́ ọmọ láti máa wo ẹbí bàbá ẹ̀ bí ajọ́mọgbé. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, mo sọ ìtàn gáréèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyá ọkọ mi ò dá sí i títí mo fi parí. Ni wọ́n bá pe Táyé, wọ́n ní, "Wá, bi èmi náà." Ó bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀. Ó ní wọn ò lè mú òun lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú, wọ́n ní kí wọ́n lọ ra súyà náà wá bá ọmọ níbi tó jókòó sí. Kó tó dalẹ́, gbogbo agbo ilé ti mọ̀ pé "ibi tí adìyẹ wà" ni ìdáhùn. A ti mú ẹ̀kẹta báyìí.

Ọjọ́ Ojúde Ọba gan-an, mo wọ aṣọ elésè àlùkò, mo wé gèlè, mo lo ìlẹ̀kẹ̀, mo wá ki ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì rọ́bà aláwọ̀ ewé tí mo rà ní ọjà Agége, èyí tí wọ́n fi ń wọ balùwẹ̀. Bàtà olómi góòlù ni gbogbo ẹgbẹ́ wọ̀. Mi ò fẹ́ sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọ nígbà tí wọ́n rí ẹsẹ̀ mi. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ láti òwúrọ̀: ẹ má wá aṣọ mi, sílípáàsì ni kẹ́ ẹ máa wá.

Nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀, mo di Kẹ́hìndé mú, mo pariwo pé, "Kẹ́hìndé wà lọ́wọ́ mi!" Ọkọ mi ní, "Táyé wà lọ́wọ́ mi!" Kò sí lọ́wọ́ ẹ̀. Apá ẹ̀wù ọmọ ló dì mú, ìró ìbọn kejì bú, ọmọ yọ apá kúrò nínú dàńdógó, ó sá wọ abẹ́ àga. Ọkọ mi dúró, ẹ̀wù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Èéfín bo ojú wa, gbogbo èèyàn dìde láti wo ẹṣin, elésè àlùkò ni iwájú, elésè àlùkò ni ẹ̀yìn. Ẹ̀yin ará, orúnkún mi yẹ̀.

Bísọ́lá tún ni. Ó gun orí àga, ó ní, "Ení!" Kẹ́hìndé ní, "Èjì!" A ò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún un pè. Mo gbọ́ "ẹ̀ta" láti ìsàlẹ̀, ohùn kékeré, kò jìnnà, àmọ́ mi ò mọ ibi tó ti wá. Mi ò kúrò lójú kan, bí Bàbá Háísì ṣe ní. Ó tó ìṣẹ́jú kan, ó lè ṣe méjì, ọwọ́ kan wá di kókósẹ̀ mi mú. Ó rá wá láti abẹ́ àga méje ó kéré tán, nínú síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan, iyẹ̀pẹ̀ kún orúnkún ẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, gbogbo ẹsẹ̀ ló jọra àfi tiyín."

Ọdún yìí náà ni fọ́tò ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Farooq Oreagba lórí ẹṣin, pẹ̀lú sìgá àti jígí ojú, kún gbogbo fóònù. Wọ́n ń bi mí pé ṣé mo rí i. Mi ò rí ẹnì kankan. Ẹsẹ̀ ni mò ń wò.

Fọ́tò ẹbí jáde lánàá lórí WhatsApp, ó dára púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti gé e láti orúnkún mi sókè.